Ìràwọ̀ Kẹsàn-án Lára Ògiri Igando

Ìlà náà ti wà lára ògiri kí n tó dé ibẹ̀. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí pé àwọn kan wà ní Igando títí di òní tí wọ́n ń sọ pé èmi ni mo fa wàhálà wọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó ti wà níbẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè fẹ́ńsì, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bíi kòkòrò tó ń wá ọ̀nà. Ohun tí èmi ṣe ni pé mo rí i, mo sì fi ọ̀dà bò ó.

Àwòrán yíyà sára ògiri ni iṣẹ́ mi. Akowonjo ni mo ti kọ́ ọ, lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó máa ń kọ pátákó fún àwọn tẹ́lọ̀ àti àwọn tó ń ṣe irun. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà dé, pátákó kíkọ kú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni nìkan ló kù tó ń pè wá, pé kí a ya ẹranko, kí a kọ a-b-d, kí a ya ẹ̀yà ara èèyàn sí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan tó ni ilé ẹ̀kọ́ ní Igando ṣe pè mí ní sáà kẹta, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Màmá ni gbogbo èèyàn ń pè é, àti tíṣà àti òbí. Opó ni. Yàrá méjì péré ni òun àti ọkọ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n mọ fẹ́ńsì yí i ká tí ọkọ fi kú, òun nìkan ló sì gbé e dé ibi tó dé. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, sí ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń tò láàárọ̀, ó nawọ́ sí ògiri gígùn tí wọ́n máa ń kọjú sí.

"Àsíá ni mo fẹ́," ó ní. "Àsíá oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, láti igun yìí títí dé igun yẹn. Kí àwọn ọmọ wa mọ̀ pé ayé ju Igando lọ."

Ó fún mi ní ìwé àtijọ́ kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó ti fi bírò fa ìlà sábẹ́ àwọn tó wù ú. Mo wọn ògiri, mo pín in sí ojú kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ géètì. Tiwa ni mo kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà Gánà, Kẹ́ńyà, Jàmáíkà, mò ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó dé igun ìkẹyìn, níbi tí ògiri ti pàdé gọ́tà ńlá. Àsíá tó bọ́ sí igun yẹn jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kan tí mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Tuvalu.

Mo bi Màmá léèrè pé níbo nìyẹn.

"Inú òkun ni," ó ní. "Òdìkejì ayé. Èmi náà ò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ló wù mí."

Àwọ̀ rẹ̀ wuni lóòótọ́. Búlúù tó mọ́lẹ̀ ni, bí ojú ọ̀run ṣe ń rí láàárọ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ kí eruku tó dìde. Lókè lápá òsì, àsíá kékeré ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, pupa àti funfun tó gba orí ara wọn kọjá. Lápá ọ̀tún, àwọn ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè wà káàkiri, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan da àgbàdo sílẹ̀ tí kò sì ráyè ṣà á. Mo ka àwọn ìràwọ̀ náà nínú ìwé. Mẹ́jọ ni wọ́n.

Ibi tí mo ti ń fọ ojú ògiri kí n tó kùn ún ni mo ti rí ìlà náà. Mo pe Màmá kó wá wò ó. Ó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀," ó ní. "Fi pọ́tì dí i, kí o kùn ún lórí. Ta ni yóò tún rí i?"

Mo fi pọ́tì dí i. Mo fi sáńdípépà ha á títí ó fi dán, mo sì kun búlúù lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó gbẹ, èmi alára ò mọ ibi tó wà mọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ní ẹ̀yìn ògiri yẹn gan-an, lójú títì, fọkanáísà kan wà níbẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó ti ń lẹ táyà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ fẹ́ńsì rárá. Nígbà tí wọ́n mọ ọ́n tán, ó sọ ògiri náà di ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó so tapólì mọ́ ọn, ó to ògbólógbòó táyà tì í, ó sì gbé ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà sí ẹ̀gbẹ́. Orí bẹ́ńṣì rẹ̀ ni mo ti máa ń jẹun ọ̀sán.

"Kí lo tún yà lónìí?" ó bi mí lọ́jọ́ náà.

"Àsíá orílẹ̀-èdè kan ni, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní àárín òkun ni wọ́n wà."

"Ọ̀nà wà níbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"Bí ọ̀nà bá wà, mọ́tò á wà. Bí mọ́tò bá wà, táyà á jò." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Bá mi béèrè bóyá wọ́n ń wá èèyàn, jàre. Igando ti sú mi."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì wá dúró sí iwájú àsíá náà. Bàbá àgbà kan ni, ará Èkìtì. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ó ní jíjókòó sílé ń dun òun lórúnkún. Ó na orí agboòrùn rẹ̀ sí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á lábẹ́lẹ̀. Ó tún un kà. Ó yíjú sí mi.

"Ìwọ lo ya èyí?"

"Èmi ni, sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Erékùṣù kan dà?"

"Erékùṣù wo, sà?"

"Ìkẹsàn-án. O ti pa erékùṣù kan rẹ́."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni, àmọ́ ojú rẹ̀ le. Mo gbé ìwé wá, mo fi hàn án pé mẹ́jọ ni wọ́n yà síbẹ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wá jókòó sórí ìdérí gálọ́ọ̀nù ọ̀dà mi. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun máa ń kó sítáǹbù jọ, àwọn sítáǹbù tó sì ń ti ẹkùn òkun yẹn wá ló rẹwà jù lọ. Nípasẹ̀ sítáǹbù ni òun fi mọ ìtàn wọn.

Ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti so àwọn èèyàn náà pọ̀ mọ́ àwọn ará erékùṣù mìíràn tí èdè wọn ò bá tiwọn mu, wọ́n sì ń ṣàkóso gbogbo wọn lábẹ́ àsíá kan ṣoṣo. "Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn jọ ohun tí o mọ̀?" ó bi mí. Mo ní ó jọ ọ́, sà. Ó ní àwọn tiwọn dìbò, wọ́n yà sọ́tọ̀, wọ́n sì gba òmìnira. Àsíá yìí ni wọ́n yàn. Búlúù yẹn ni òkun. Ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún erékùṣù kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án gééré. Bí wọ́n sì ṣe wà káàkiri tí mo rò pé kò létò yẹn, bí àwọn erékùṣù náà ṣe tò sínú òkun gan-an ni.

"Máàpù lo yà yìí," ó ní. "Ìwọ rò pé ọ̀ṣọ́ ni."

"Kí ló dé tí ìwé yìí wá ní mẹ́jọ, sà?"

"Ẹjọ́ ńlá nìyẹn." Ó ní orúkọ ìlú náà ní èdè wọn túmọ̀ sí mẹ́jọ tó dúró pọ̀. Ìkẹsàn-án kéré jọjọ, kò sì sẹ́ni tó fi ibẹ̀ ṣe ilé nígbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni àwọn kan láti erékùṣù mìíràn lọ tẹ ibẹ̀ dó. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, àwọn aláṣẹ pinnu pé kí iye ìràwọ̀ bá orúkọ ìlú mu. Wọ́n yọ ọ̀kan kúrò. Kò pẹ́, wọ́n tún kó àsíá náà dànù pátápátá, wọ́n ṣe òmíràn tí kò ní ti Gẹ̀ẹ́sì lára mọ́. Èyí bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Ìjọba mìíràn wá gorí àléfà, wọ́n sì dá ti àkọ́kọ́ padà, pẹ̀lú ìràwọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán.

"Àwọn tó ń gbé lórí ìkẹsàn-án ńkọ́, sà? Nígbà tí wọ́n yọ ìràwọ̀ wọn?"

"Kí ni kó ṣe wọ́n? Wọ́n jí láàárọ̀, wọ́n dáná, wọ́n lọ pẹja. Wọ́n kàn ti kúrò nínú iye ni." Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. "Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani. Wọ́n lè yọ èèyàn kúrò nínú iye, kí nǹkan kan má ṣe é lọ́jọ́ yẹn."

Ó ti ń lọ kó tó tún yíjú padà. Ó ní ibi tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà kò ga tó pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ó ní kòtò ni wọ́n ń gbẹ́ láti gbin kókò, omi iyọ̀ sì ti ń wọ inú àwọn kòtò náà báyìí. Ó ní òkun kì í gba etí bèbè nìkan wá bá wọn. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀. Èèyàn á dúró sí àárín ìlú, á rí omi tó ń ru jáde láti inú ilẹ̀ tó tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mi ò mọ ohun tó mú mi wo abẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà náà. Ilẹ̀ tútù. Láti òdìkejì ògiri, mò ń gbọ́ bí omi gọ́tà ṣe ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi ìràwọ̀ kẹsàn-án kún un. Tíṣà ló júwe ibi tó yẹ kó wà fún mi, ní ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún. Mo ti ń fa ìlà rẹ̀ lọ́wọ́ kí n tó rántí pé ibi tí mo ti fi pọ́tì dí ìlà nìyẹn. Mi ò kà á sí. Mo ya ìràwọ̀ náà dáadáa, igun márùn-ún, ìyeyè rẹ̀ ń tàn ju ti àwọn yòókù lọ torí pé òun ló tutù jù.

Òjò rọ̀ ní Sátidé, ó rọ̀ ní Sọ́ńdè. Nígbà tí mo dé ní Mọ́ńdè láti wá kọ orúkọ sábẹ́ àwọn àsíá, ìràwọ̀ kẹsàn-án ti là sí méjì.

Ó là gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Àwọn mẹ́jọ yòókù wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn ọmọ ń tò síwájú ògiri náà lọ́wọ́, wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè, mo sì dúró sẹ́yìn wọn, mi ò lè mú ojú mi kúrò lára rẹ̀.

Mo tún un dí. Mo tún un kùn. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún là. Lọ́tẹ̀ yìí, èékánná mi wọ inú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo bọ́ síta láti wo òdìkejì. Ẹ̀gbọ́n ń lẹ táyà ọ̀kadà kan. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn àwọn táyà tó tò sí ara ògiri. A sún mẹ́ta kúrò. Omi gọ́tà ti gbá gbogbo iyẹ̀pẹ̀ ìdí ògiri lọ. Mo na ọwọ́ mi sábẹ́ ìpìlẹ̀ náà, ó wọlé dé ìgbúnwọ́. Afẹ́fẹ́ tútù kan ń ti ibẹ̀ jáde wá.

"Látìgbà wo ló ti rí báyìí, Ẹ̀gbọ́n?"

"Láti òjò èṣí ni. Ọ̀pọ̀lọ́ ló ń gbé ibẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ rédíò."

Mo lọ bá Màmá ní ọ́fíìsì. Tíṣà ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ọ̀rọ̀ ògiri náà lòun náà ń sọ. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà ló ti kó kíláàsì tirẹ̀ kúrò níwájú ògiri, ẹ̀gbẹ́ géètì ni wọ́n ń tò sí. Màmá ti kọ ìwé sí i pé kó wá ṣàlàyé ohun tó mú un tẹ òfin lójú.

"Ẹ̀yin méjèèjì," Màmá ní, "ẹ̀ ń fi ẹnu yín pe ibi."

"Ma, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà kan wá wò ó," mo ní. "Ọwọ́ mi wọlé sábẹ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́."

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Tí mo bá wó ògiri láàárín sáà, kí ni àwọn òbí máa sọ? Wọ́n á ní ilé ẹ̀kọ́ mi ń wó. Wọ́n á kó ọmọ wọn lọ sí ibòmíì. Ẹ jẹ́ ká parí sáà yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ọkọ mi ló mọ ọ́n. Òun ló dúró ti àwọn bíríkìlà látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tó ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn."

Màmá mú òróró àdúrà jáde nínú báàgì rẹ̀, ó rìn lọ síbi ògiri, ó fi ra ojú ibi tí ìràwọ̀ ti là, ó sì gbàdúrà sókè. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tún un kùn.

Ọ̀dà kì í dì mọ́ ojú ibi tí òróró bá wà. Mo kùn ún, ó ń yọ̀, ó ń ṣàn kalẹ̀ bí omi ojú. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí kíláàsì mẹ́ta fún mi ní ìsinmi, kò sì síṣẹ́ mìíràn níwájú mi. Mo fi asọ nu òróró náà kúrò, mo tún un kùn títí ó fi dì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ sílé, mo dúró lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún síwájú díẹ̀. Ògiri yìí ò dá mi lójú."

Ó wo títì, ó wo ògiri. "Tí mo bá sún síwájú, mọ́tò á gbá mi. Tí mo bá dúró, ògiri á wó lù mí. Ibo ni kí n wá jókòó sí? Ojú ọ̀run?"

Bó ṣe sọ ọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín, mo kí i, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé ní Egbeda.

Òjò ọ̀sẹ̀ yẹn kò dáwọ́ dúró. Lójúmọ́ kan, ilẹ̀ yàrá tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, láìsí pé omi gba ojú fèrèsé wọlé. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wo bí omi ṣe ń yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn táìlì. Ọ̀rọ̀ tíṣà kò kúrò lọ́kàn mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ tó ń tò síwájú ògiri náà.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé ọ̀dà pupa, mo lọ sí Igando. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ ṣí géètì fún mi, ó rò pé iṣẹ́ mi ni mo wá parí. Ìràwọ̀ náà ti là lẹ́ẹ̀kẹta. Ìka ọwọ́ mi wọlé. Mo fa àmì X ńlá kan lórí àsíá náà, láti igun dé igun, irú èyí tí ìjọba máa ń fi sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Mo fa òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì ba iṣẹ́ ara mi jẹ́ rí.

Àwọn òbí tó mú ọmọ wá ní Mọ́ńdè rí i. Ariwo sọ. Wọ́n pe Màmá jáde, wọ́n ní kó wá ṣàlàyé. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fi okùn dí ẹ̀yìn, gbogbo ọmọ sì ti ń tò níwájú géètì. Màmá pè mí lórí fóònù.

"O ti bà mí lórúkọ jẹ́," ó ní. "Ṣé ẹ̀san ohun tí mo ṣe fún ẹ nìyí? Má tún jẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ ní ọgbà mi mọ́."

Mo ní ó tọ́, Ma. Mo gbé fóònù sílẹ̀, ara sì tù mí. Mo rò pé ó ti parí.

Ní Ọjọ́rú, òjò dá. Oòrùn ràn lọ́nà tó ń jóni lára, gbogbo ilẹ̀ ń yọ èéfín. Mo wà ní Egbeda, mò ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́, nígbà tí tíṣà pè mí.

"Ó ti wó," ó ní.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, sà?"

"Kò sí ọmọ kankan níbẹ̀."

"Ọlọ́run, a dúpẹ́."

Kò bá mi dúpẹ́. Mò ń gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó wá sọ pé, "Ìta ló wó sí."

Mi ò rántí bí mo ṣe dé Igando. Ohun tí mo rántí ni pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà ṣì ń dún lábẹ́ àwọn búlọ́ọ̀kù, kò sẹ́ni tó rí ibi tí wọ́n ti máa pa á. Ọ̀dà mi wà nílẹ̀ káàkiri, ewéko, pupa, búlúù, nínú ẹrẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà àti àwọn tó ń ta nǹkan lójú títì ti ń fi ọwọ́ gbé búlọ́ọ̀kù. Wọ́n ti rí orí Ẹ̀gbọ́n. Àwọn táyà tó tò sí ẹ̀yìn ló gbé ògiri náà kúrò lórí àyà rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ni kò ríbi sá sí. Ojú rẹ̀ là. Ó ń pe Allah, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ẹlòmíì láàmú.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀, gèlè rẹ̀ ti ṣí. Kò sunkún. Nígbà tí wọ́n gbé Ẹ̀gbọ́n sínú mọ́tò tán, ó rí mi. Mo rò pé yóò tún bú mi.

"Kí ló dé," ó ní, "tí o ò kun àmì yẹn sí ìta náà?"

Ohun tó bi mí kò ju ìyẹn lọ. Mo ti ronú lé e lórí lọ́pọ̀ ìgbà. Mo lè sọ pé àwọn ọmọ ni mo ń rò. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orí bẹ́ńṣì ọkùnrin yìí ni mo ti ń jẹun, ọwọ́ mi sì ti wọ abẹ́ ògiri náà láti ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Mi ò kà á mọ́ wọn ni.

Mo lọ wò ó ní ọsibítù ìjọba ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Mo dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò lè gbé orí sókè.

"Dìde," ó ní. "O sọ fún mi. Mi ò ní purọ́ pé o ò sọ."

"Àwàdà ni mo fi ṣe, Ẹ̀gbọ́n."

"Àwàdà náà ni mo fi dá ẹ lóhùn."

Ìyàwó rẹ̀ wò mí títí mo fi jáde.

Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sílé, sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Ó ń rìn báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá, ẹsẹ̀ náà kúrú díẹ̀. Kò lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa mọ́, iṣẹ́ táyà sì jẹ́ iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ ló ń bá a tọ́jú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó máa ń pè mí nígbà ọdún Iléyá. Màmá ló gbọ́ gbogbo bùkátà ọsibítù, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sí i. Ó tún fẹ́ńsì náà mọ, ó fi irin sí i, ó jìn sí gọ́tà, kò sì sẹ́ni tó ya ohunkóhun sí i lára. Kò pè mí mọ́. Tíṣà padà sí Èkìtì ní ìparí ọdún náà. Ó dágbére fún mi lórí fóònù, ó ní orúnkún ló borí òun.

Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan pè mí sí Òkè-Odò pé kí n wá ya òdòdó sí ara ògiri gbọ̀ngàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri náà kí n tó gbé ọ̀dà kalẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ṣe báyìí. Ó dún bí agbè òfìfo. Mo rìn yí i ká, nínú àti lóde, mo sì sọ fún un pé ògiri yìí ò dára, kó pe bíríkìlà kó tó pe èmi.

"Mi ò ní kí o wá yẹ ògiri wò," ó ní. "Òdòdó ni mo ní kí o wá yà."

Mo kó búrọ́ọ̀ṣì mi, mo bá tèmi lọ. Mo rí ìyá kan tó ń ta omi tútù ní ìdí ògiri náà lóde, mo sọ fún òun náà, kedere, láìrẹ́rìn-ín. Ó ní òun gbọ́. Nígbà tí mo tún gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìyá náà ti sún lọ sí òdìkejì títì. Ẹlòmíì ti wá ya òdòdó sí ara ògiri náà, pupa àti funfun, láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè, iṣẹ́ náà sì mọ́ dáadáa.